Olówó Àgùntàn Nínú Ilé Aṣòfin



Nígbàkúùgbà tí ìbò bá ti sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu wa: "Olówó ni kí a dìbò fún, nítorí ẹni tí ó ti yó kò ní jí ọbẹ̀ jẹ." Mo lòdì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí mi.

Francis E. Warren ni orúkọ rẹ̀. Àtìpó ni bíi tiwa. Massachusetts ni a bí i sí ní 1844. Ní 1868 ó ṣí lọ sí Wyoming, ó bá oníṣọ́ọ̀bù kan ṣiṣẹ́ ní Cheyenne, òun náà sì di ọlọ́jà ńlá. Lẹ́yìn náà ó ra àgùntàn àti màlúù títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn ògúnnágbòǹgbò olówó ẹran níbẹ̀. Ní 1885 Ààrẹ Amẹ́ríkà fi í ṣe gómìnà. Nígbà tí Wyoming di ìpínlẹ̀ ní July 1890, òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn. Kí ọdún náà tó parí, ó ti bọ́ sí Ilé Aṣòfin Àgbà ní Washington.

N kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ní September 2, 1885, àwọn òyìnbó awakùsà pa ará Ṣáínà 28 ní Rock Springs, wọ́n sì sun ilé wọn. Warren wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, ó tẹ wáyà sí Ààrẹ Cleveland, ọmọ-ogun sì dé. Àwọn àtìpó tí kò ní ìbò ni ó gbà sílẹ̀. Ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́.

Ní April 1892, àwọn olówó màlúù kó nǹkan bí 50 ọkùnrin jọ pẹ̀lú ìbọn, wọ́n háyà púpọ̀ nínú wọn láti Texas, kí wọ́n lọ pa àwọn ọlọ́sìn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní olè ní àgbègbè Johnson. Wọ́n pa Nate Champion àti Nick Ray. Nígbà tí ará ìlú ká àwọn apànìyàn náà mọ́, Warren àti ẹnìkejì rẹ̀, Joseph Carey, lọ bá Ààrẹ Harrison lóru pé kí ó rán ọmọ-ogun. Ọmọ-ogun dé, wọ́n yọ wọ́n. Ẹjọ́ náà tú ká ní 1893, a kò dá ẹnì kan lẹ́bi.

Ẹ wò ó! Ẹnu kan náà ni ó pe ọmọ-ogun nígbà méjèèjì. Ní 1885 àwọn ará Ṣáínà ń wa èédú fún ilé-iṣẹ́ ojú irin, èédú kò sì gbọdọ̀ dúró. Ní 1892 ẹgbẹ́ rẹ̀ olówó ẹran ni ó wà nínú ìjọ̀ngbọ̀n. Àánú rẹ̀ kò jìnnà sí èrè.

Inú bí àwọn ènìyàn. Ní 1893 àwọn aṣòfin Wyoming kò lè fẹnu kò láti dá a padà. Ṣùgbọ́n ní 1895 ó ti wọlé, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1929. Níbẹ̀ ni ó ti ń jà pé kí owó bodè lórí irun àgùntàn òkèèrè má ṣe wálẹ̀. Ọlọ́jà ni mí, mo mọ ẹni tí ń san owó bodè: ẹni tí ó ra aṣọ òtútù ni. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Àwa náà ti rí ìpínlẹ̀ tuntun: 12 ní 1967, 19 ní 1976, ó ti di 36 nísinsìnyí. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, olówó kan yóò wá sọ pé òun ni yóò dáàbò bo àtìpó. Ẹ bi í léèrè: Kí ni òwò rẹ? Òfin wo ni yóò kan òwò náà? Ta ni yóò mú ọ bí o bá ṣì í lò? Ní ọjà, ẹni tí ń ta gàrí kì í wọn kọ́ńgò kí oníbàárà kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí kọ́ńgò ìjọba. Òfin tí ó mú olówó àti tálákà bákan náà ni ààbò àtìpó; àánú ẹni ńlá kò tó gbára lé.