Àyẹ̀wò ibà: Aró kò fẹ́ ìkánjú

Ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wọ ilé àyẹ̀wò ní Jahi, nílùú Àbújá, èsì kíákíá ló ń fẹ́. Kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ìkánjú a máa ba àyẹ̀wò jẹ́. Kòkòrò ibà kò ṣeé dá mọ̀ dáadáa lábẹ́ máíkírósíkóòpù láìsí aró. Giemsa ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, aró tí Gustav Giemsa, ará Jámánì, gbé jáde ní 1904.

Ojú ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n ń tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi mẹ́tánọ́ọ̀lù mú dúró, kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ má baà bẹ́. Èyí tó nípọn kò gbọdọ̀ kan mẹ́tánọ́ọ̀lù rárá. Omi ni yóò ṣan pupa rẹ̀ lọ kí kòkòrò tó hàn. Ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ aró. Bí wọ́n bá fi omi la Giemsa dé ìdá 3 nínú 100, ó ń gba ìṣẹ́jú 30 sí 45. Àwọn aláró Òṣogbo náà mọ̀ pé aṣọ tí a yára yọ nínú aró kì í dú.

Láti 2010 ni Àjọ náà ti ní kí àyẹ̀wò ṣáájú oògùn ibà. Ṣùgbọ́n bí aró kò bá mú, wọ́n lè ní kò sí ibà lára ọmọ tí ibà ń pa lọ. Bí èérí aró bá sì dì sórí gíláàsì, ó lè jọ kòkòrò, kí wọ́n máa wo ibà sàn nígbà tí àìsàn mìíràn ń gbilẹ̀. Ó yẹ kí ilé àyẹ̀wò kọ àkókò tí aró ń gbà sára ògiri, kí ìyá ọmọ lè mọ ohun tí òun ń dúró dè.