Ta Ni Wọ́n Yàn, Kí Ni Wọ́n Ní Kó Ṣe?

Ní July 2024, nígbà tí Ààrẹ Tinubu yan Abubakar Dantsoho ṣe ọ̀gá àgbà NPA, àjọ tó ń bójú tó àwọn èbúté Nàìjíríà, ìbéèrè kan ló kún orí fóònù mi: ọmọ ibo ni? Kò sẹ́ni tó béèrè pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Mi ò bá ọkùnrin náà jà o. Inú NPA náà ló ti ṣiṣẹ́ kó tó dọ̀gá. Bí a ṣe ń yàn wọ́n ni mò ń bá jà. Hadiza Bala Usman gorí àga yẹn ní 2016. Ní January 2021, Buhari fún un ní sáà kejì, ọdún márùn-ún gbáko. Nígbà tó fi máa di May, wọ́n ti ní kó lọ rọ́ọ́kún nílé. Ẹ sì wo ohun tó fa ìjà: owó tí wọ́n ní àjọ náà kò san tán sápò ìjọba (òun ní ìṣirò wọn ò tọ̀nà). Kì í ṣe iye ọjọ́ tí ọkọ̀ ń dúró lójú omi. Bello-Koko rọ́pò ẹ̀, ní 2024 òun náà lọ. Ṣé wọ́n ṣe dáadáa àbí wọn ò ṣe dáadáa? Kí la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n?

Software ni mò ń kọ jẹun. Mi ò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí la ó ṣe mọ̀ pé ó ti parí.

Àwọn kan á ní agbára ọ̀gá NPA ò tó nǹkan. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti 2006, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń já ẹrù ní Àpápá àti Tin Can, kọ́sítọ́ọ̀mù sì ní ọ̀gá tiwọn. NPA ti dà bí onílé tó gbé ilé fún ayálégbé. Ṣùgbọ́n onílé ló ń gbẹ́ ojú ọ̀nà omi kó jìn. Òun ló ń darí ọkọ̀ wọlé, òun ló mú Eto wá ní 2021 láti máa pe tírélà wọlé ní títò-títò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn wọ̀n ọ́n.

Ní Kútọnu, níbi tí kò jìnnà sí wa yìí, ìjọba Benin gbé ìṣàkóso èbúté fún Port of Antwerp International ní 2018. Mi ò ní ká lọ pe òyìnbó o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni wọ́n fi gbé e fún wọn. Tiwa, ìkéde lásán ni.

Ọjọ́ kan náà tí wọ́n yan Dantsoho ni wọ́n yan Dayo Adeyeye ṣe alága ìgbìmọ̀ NPA. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde lóṣooṣù: wákàtí mélòó ni ọkọ̀ fi dúró kó tó rí ibi gúnlẹ̀, ọjọ́ mélòó ni tírélà lò kó tó wọlé, ayálégbé wo ló yẹ àdéhùn. Nígbà tí ọ̀gá mìíràn bá fi máa dé, a ó ti mọ ibi tí èyí bá a àti ibi tó fi í sílẹ̀ sí.