Èèpo ìrẹsì kì í ṣe ohun ìdànù

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń pọn ọtí ọkà bàbà, ibo ni iṣẹ́ ti máa ń dúró? Ibi sísẹ́ ni. Ọkà bàbà kò ní èèpo líle. Ó máa ń dì mọ́ra bí ẹ̀kọ, omi kò sì ríbi gbà. Àkókò ń lọ, igi ìdáná ń tán.

Àwọn tó ń fi báálì pọn ọtí kì í ní ìyọnu yìí. Èèpo báálì fúnra rẹ̀ ni asẹ́. Bí wọ́n bá lo àlìkámà tí kò ní èèpo, wọ́n a po èèpo ìrẹsì mọ́ ọn. Èèpo náà kì í yọ́. Ó ń la ọ̀nà fún omi.

Lójú tèmi, ó yẹ kí àwa náà dán an wò. Wọ́n ń gbin ìrẹsì ní Glazoué, nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí a ó fi máa sun èèpo rẹ̀ nù?

Ẹ wá èyí tó gbẹ, tí kò tíì bu. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa. Fún kílò 10 ọkà, ìdajì kílò èèpo tó. Ẹ pò ó mọ́ ọkà kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ìkòkò kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àwọn ìyá wa ń fi ilá mú kí ọtí tòrò. Ọgbọ́n ni. Èyí náà, ọgbọ́n ni.