Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìjálá Kú Sínú Fóònù

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹjọ́ kan wà lọ́kàn mi. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa gba ohùn bàbá oníjàálá kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ó gbé e fún wa gbọ́, a pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó tọrọ ẹ̀dà. Olè jí fóònù náà ní gáréèjì, ìjálá bá a lọ.

Kì í ṣe ẹ̀bi owó dátà. Bluetooth, tí àwọn ará Ericsson bẹ̀rẹ̀ ní Lund, ní Sweden, ní 1994, kì í jẹ dátà rárá. (Orúkọ ọba Denmark àtijọ́ kan ni wọ́n fi sọ ọ́, Òyìnbó náà mọyì baba ńlá!) Òótọ́ ni pé ti 1999 ń fà bí ìgbín: kò gbé tó mílíọ̀nù bíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 2004 gbé e dé 3. Wi-Fi Direct dé ní 2010, fóònù méjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì: fídíò tí ì bá gba wákàtí 3, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Wi-Fi fóònù náà ni Xender tí a fi ń pín fíìmù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ń lò.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ̀ka wa fi í ṣòfin: bí apohùn bá ti yọ̀ǹda, kí ẹnikẹ́ni má jáde ní kíláàsì láìgba ẹ̀dà, pẹ̀lú orúkọ apohùn àti ti agbohùnsílẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé a ó jí iṣẹ́ àwọn. Ta ló jí èyí tó sọnù ní gáréèjì?

Bàbá náà ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ó ti lé ní 80 ọdún.