Ta Ni Yóò Rí Àyè Nínú Ọkọ̀ Ọ̀la?

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, Erunmu ni mo wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, lọ́dọ̀ ìyá àgbà wa tí ń ṣe gaàrí tà. Àwọn obìnrin bíi mẹ́fà jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ abà, ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́, ẹnu náà ń ṣiṣẹ́. Èmi tí ìlú ńlá ti ba ọwọ́ mi jẹ́, kí n tó bó ẹyọ kan, wọn á ti bó márùn-ún. Ni wọ́n bá ní kí n kúkú gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, kí n máa pa ìtàn fún àwọn.

Kò sí àlọ́ ìjàpá tí mo lè pa níbẹ̀ tí wọn kò ní bá mi parí. Nítorí náà, mo mú fóònù mi jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìtàn kan tí mo kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wọn.

“Egoli” ni orúkọ ìtàn náà. T. L. Huchu, ọmọ ilẹ̀ Sìǹbábúwè, ni ó kọ ọ́. Egoli, ìyẹn ìlú wúrà, ni orúkọ tí wọ́n ń pe Johannesburg, níbi tí àwọn ọkùnrin àtijọ́ ti ń lọ wa kùsà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni ìtàn yìí ń sọ. Ìyá arúgbó kan ní abúlé jí lóru, ó jáde síta, ó sì gbójú sókè wo ojú ọ̀run, nítorí pé lókè lọ́hùn-ún ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lára àwọn òkúta ńlá tí ń yí oòrùn ká.

Ọ̀bẹ ìyá àgbà dúró. Ọmọ-ọmọ tirẹ̀ wà ní Kánádà láti ọdún 2016, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ilé láti ìgbà náà. Ó wo mí títí, ó ní, “Bí ó bá kú sókè níbẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gbé e wálé?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo ti ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mejì, ìbéèrè yẹn kò sì wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí ó mú kí n fẹ́ràn irú ìtàn àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì báyìí nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí a wò dàgbà, bí a bá ti dé ọjọ́ iwájú, a kì í rí ìyá arúgbó abúlé mọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti ìyá aláwọ̀ dúdú. Àfi bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn kan ti kó gbogbo wọn lọ. Huchu kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ìyá náà gan-an ni ó fi wo ìràwọ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2014 ni Mazi Nwonwu àti Chinelo Onwualu dá ìwé ìròyìn Omenana sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú ìtàn báyìí láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní ọdún 2020, Wole Talabi, tí iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó kọ́, kó ìtàn mẹ́jọ jọ sínú àkójọpọ̀ kan tí wọ́n pè ní Africanfuturism. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e jáde, inú rẹ̀ ni “Egoli” sì wà. Ẹni tí ó bá ní dátà díẹ̀ lè kà á kí omi gaàrí tó gbẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, wà pẹ̀lú wa. Láti kékeré ni ó ti ń fi ọ̀pá méjì sí abíyá rìn. Ó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Àǹtí, ṣé àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ tí ó gbé ọmọkùnrin náà lọ?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá a gbé báàgì. Bí ó bá ti gòkè láàárọ̀, kì í mu omi títí ilé ẹ̀kọ́ yóò fi parí, kí ó má baà di pé ó ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe, kí ẹni tí ń fi ọ̀pá tàbí kẹ̀kẹ́ rìn lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ wo ilé tí ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí.

Mo ronú pé kí n tù ú nínú, ni mo bá sọ ti Nnedi Okorafor fún un. Ọmọ Igbo tí a bí sí Amẹ́ríkà ni, eré ìdárayá ni ó sì gbajúmọ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 19, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jí, kò lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn yẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Òun náà ni ó wá kọ Binti ní ọdún 2015, níbi tí ọmọbìnrin Himba kan ti fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì lójú òfurufú.

“Ṣé ó padà rìn?” ni ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìpọ́njú púpọ̀.

Ó ní, “Háà, ó dára,” ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ṣe díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ẹni tí kò padà rìn, tí ó sì tún wọ ọkọ̀ náà lọ, ni ó ń wá. Nínú púpọ̀ àwọn ìtàn yìí, bí akàndá ẹ̀dá bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò wò ó sàn, bí ẹni pé kò sí àyè fún un lọ́la bí ó ṣe wà lónìí. Àwọn baba wa náà kò kúkú yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ẹni òrìṣà ni arọ, abuké àti àfín, ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá. Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ẹni òrìṣà láti òkèèrè, tí wọn kò ní bá a jókòó jẹun.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Fágúnwà fi Yorùbá gbé ọdẹ wọ Igbó Irúnmọlẹ̀ ní ọdún 1938. Èmi lónìí ni mo ń jókòó sí Erunmu tí mo ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ìtàn ìyá arúgbó Áfíríkà fún ìyá arúgbó Áfíríkà. Mo sọ fún ọmọ náà pé bí ìtàn tí ó ń wá kò bá sí, kí ó pa á fún wa.

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Erunmu ni wọ́n ti kan ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìrin ẹ̀gẹ́ gan-an. Kò ní àtẹ̀gùn rárá, ilẹ̀ tí ó rọra gòkè ni wọ́n ṣe sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí òun ni ọ̀gá tí yóò wà á. Ó ní àwọn yóò gbé ìyá àgbà dání, kí ó lè lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ìyá àgbà ní òun yóò lọ, bí ọkọ̀ náà yóò bá dá òun padà kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ọmọ náà ní yóò dá wọn padà. Ibẹ̀ ni a dé nígbà tí wọ́n pariwo láti ilé ìrin pé ó kàn wá, oníkálukú sì gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀.