Láti Ibo Ni Omi Yóò Ti Wọlé?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá sí ilé ìbátan wa kan ní Okpomèta. Ìwé méjì ló ti ilẹ̀ Faransé dé. Àbúrò tó ń gbé lọ́hùn-ún ń kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí piscine wà ní ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú agbada omi gbígbóná tí ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí ara ó tù ú. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò náà tán: mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú, mítà kan àbọ̀ ní jíjìn. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ni wọ́n fi ní kí àwa tí a ń fi èdè náà jẹun wá túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá.

Àwòrán náà wuyì, a kò lè purọ́. Ẹ̀rọ kan yóò máa fa omi, asẹ́ oníyanrìn yóò máa sẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kejì yóò máa mú un gbóná, ẹ̀kẹta yóò máa fi iyọ̀ ṣe chlore tí ń pa kòkòrò. Ẹnu ọ̀nà omi méjì yóò máa ṣí, wọn yóò máa tì fúnra wọn, láti darí omi sínú piscine tàbí sínú agbada. Àpótí kékeré kan ni olórí gbogbo wọn, tẹlifóònù ni wọ́n sì fi ń pàṣẹ fún un. Àbúrò lè jókòó sí Paris kí ó mọ bí omi Okpomèta ṣe gbóná tó.

A túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní: «Ó dára. Omi náà ńkọ́, láti ibo ni yóò ti wọlé?»

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níjòókòó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí a má fi bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí àwòrán, a rí ọfà kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀, tí wọ́n kọ «arrivée d'eau» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọfà náà, bébà funfun ló kù.

Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ òkè Kétu mọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wúwo. Odò Ouémé wà lọ́hùn-ún níhà ìwọ̀-oòrùn, odò Yewa wà lọ́hùn-ún níhà ìlà-oòrùn, omi abẹ́ ilẹ̀ sì jìn. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, omi òjò tí páànù gbà sínú citerne ni a fi ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Láti 2017 ni àjọ ANAEPMR ti wà fún omi ìgbèríko, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n omi tí gbogbo abúlé ń tò gbà kọ́ ni a fi ń kún piscine ẹnì kan.

A ṣe ìṣirò. Bí kòtò náà bá kún, lítà 48,000 ni: bìdọ́ọ̀nù oní-lítà 25, ọ̀nà 1,920. Kò tán síbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá lá mílímítà 5 péré lójú omi lójúmọ́, lítà 160 ti lọ. Ènìyàn 8 ló ń gbé ilé náà. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 20 lójúmọ́, iye kan náà ni. Afẹ́fẹ́ yóò máa mu ìpín odidi ẹbí. A kò tíì ka omi tí wọ́n ń dà nù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọ asẹ́ oníyanrìn.

Ìyá kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, òun ló kọ́kọ́ dáwó láti ra ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú citerne lọ sí táńkì orí òpó, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè máa fa okùn mọ́. Oníṣẹ́ so flotteur kan sínú táńkì: bí omi bá lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò tan, bí ó bá kún, yóò kú. Gbogbo ilé yọ̀. Ẹ̀rọ náà mọ ìgbà tí táńkì òkè bá ṣófo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe mọ̀ pé citerne ìsàlẹ̀ ń tán lọ. Tẹ́lẹ̀, Ìyá a máa ka kókó ara okùn kí garawa tó kan omi, a sì mọ iye ọjọ́ tó kù. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dé, kò sí ẹni tó ṣí ìdérí wò mọ́. Ní òru kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ̀rọ náà fa afẹ́fẹ́ títí ó fi jóná. Omi bìdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń rà títí òjò oṣù Ẹrẹ́nà fi rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì inú ilé náà, tí wọ́n wà ní kíláàsì wa, ń pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ òwúrọ̀, a sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn tó pẹ́. A kò bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Àbúrò bínú ní àkọ́kọ́: «Ṣé inú garawa ni n ó máa wẹ̀ títí?» A kò dá a lẹ́bi, òógùn rẹ̀ ni owó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a bo kòtò náà, kí ó di citerne kejì.

Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Páànù ilé méjèèjì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 150. Bí òjò ọdún bá tó mílímítà 1,000, tí a sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó bá dànù, lítà 120,000 ni yóò wọlé. Omi òjò àkọ́kọ́ kò ní wọ inú citerne, nítorí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo òkè rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má sọ omi di àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi àwọ̀n dí ẹnu ihò kí ẹ̀fọn má wọlé.

Ẹ̀rọ tí àbúrò yàn ló fa àríyànjiyàn jù. Ẹ̀rọ tí ń yí ìyára rẹ̀ padà ni, ó sì ní bí a bá dín ìyára náà kù sí ìdajì, iná tó ń jẹ yóò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Òótọ́ ni, nínú piscine. Omi piscine kì í gun òkè. Ó kàn ń yípo ni. Táńkì wa wà lórí òpó, bí ìyára bá sì di ìdajì, agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti omi sókè yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin: omi lè dúró lágbedeméjì kí ẹ̀rọ máa yí lásán. Ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ni ní físíìsì ló là á yé wa. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí a ṣe fún gbígbé omi gòkè rọ́pò rẹ̀, oòrùn ni yóò sì máa fún un lágbára lọ́sàn-án. Asẹ́ oníyanrìn kúrò, ẹ̀rọ iyọ̀ kúrò. Disjoncteur différentiel oní-mílíámpà 30 wà níbẹ̀ síbẹ̀. Níbi tí iná àti omi bá ti pàdé, a kì í fi ìyẹn ṣe àfẹ́kù.

Flotteur méjì ló wà báyìí. Ti òkè ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ti ìsàlẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí ilẹ̀ citerne: bí omi bá dé ibẹ̀, ẹ̀rọ yóò kú, tẹlifóònù Paris kò sì lè tan án. Lítà 12,800 ló wà nísàlẹ̀ yẹn, omi ọjọ́ 80 fún ènìyàn 8. Okùn àti garawa nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ni yóò fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìyá ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí wà.

Ohun kan ni àbúrò bẹ̀bẹ̀ fún: kí àpótí rẹ̀ máa sọ ìwọ̀n omi fún un. Wọ́n fi í sí i. Ní báyìí, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, a máa pe Ìyá láti sọ iye tó wọlé. Ìyá ti máa ń ka kókó okùn tirẹ̀ kí ó tó pè.

Agbada omi gbígbóná ṣì wà lórí ìwé. Lítà 1,000 ni yóò gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyá. Ó ní kí ó di oṣù Òkúdu, nígbà tí omi bá ń ṣàn kọjá ẹnu citerne, kí a wá bi òun.