Ìbéèrè Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Kì í Ṣe Àrífín
Láti ọwọ́ Ọmọ Àwórì

Ẹni tí ó bá gba abẹ́ bíríìjì Sàngó kọjá ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, tí àwọn ọlọ́kadà sì ti ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, yóò rí ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń fọ́n ká lọ sí ilé iṣẹ́ oníke, ọlọ́tí, ọlọ́dà àti onírin tí ó sọ Ọ̀tà Ìganmọdẹ, ìlú Àwórì, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti gbẹ́nàgbẹ́nà, di ìlú eléèéfín lónìí. Láàárín wọn ni yóò sì ti rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí aṣọ iṣẹ́ ọrùn wọn ṣì tuntun, tí wọ́n gbá ìwé kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, tí wọ́n wá fi ọwọ́ kọ́ ohun tí olùkọ́ ti fi ẹnu sọ. Láti 1973 ni ètò ìkọ́ṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wà, lábẹ́ àjọ ITF (Industrial Training Fund) tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, nítorí pé àwọn tí ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ mọ orúkọ ẹ̀rọ ju bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Oṣù 4 ni ti àwọn ọmọ Pólì, bí irú ti Ìlárò tí kò jìnnà. Oṣù 6 ni ti ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì.

Ohun tí ń pàdé wọn nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Ọmọ náà dúró ti ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kí ni bọ́tìnnì yìí wà fún?" Ọ̀gá sì dáhùn pé, "Ṣé wọn kò kọ́ ọ ní ilé ìwé ni?" Àwọn tí ó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán an lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu ọmọ a di. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ó yẹ kí ó kọ ohun tí ó ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, a tọrọ ìwé ẹni tí ó ṣe é ní èṣí, a sì dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá náà a sì fọwọ́ sí i láìkà á. (Nínú àwọn méjèèjì, ta ni ó ń tan ara rẹ̀ jù?)

Ìfiniṣẹ̀sín kì í pa àìmọ̀. Ńṣe ni ó ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n à-ń-sá-pamọ́. Ní ìsọ̀ aránṣọ, àìmọ̀ tí ó sá pamọ́ lè ba ọ̀pá aṣọ kan jẹ́, kí oníbàárà sì bínú lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀rọ ńlá ti ń gbé ike gbígbóná jáde, tí bẹ́líìtì ń yí lọ láìsinmi, ọwọ́ ènìyàn ni irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Àwọn àgbà iṣẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó dúró yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí a ti yọ iná rẹ̀, nítorí ẹnìkan lè wà ní ìkangun kejì tí yóò tẹ súìṣì láìmọ̀ pé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ibo ni ọmọ tuntun yóò ti mọ èyí, bí kò bá béèrè? Ta ni yóò sì bi, bí ó bá jẹ́ pé àná ni wọ́n fi ìbéèrè rẹ̀ dá àpárá?

Àwọn ọ̀gá ní àwíjàre tiwọn, kò sì yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Iye ọjà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé jáde kí ṣífùtì tó parí ń lé wọn, ariwo ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn ọmọ kan sì wà lóòótọ́ tí wọ́n ń béèrè ohun tí ojú wọn ìbá fi hàn wọ́n bí wọ́n bá wò ó dáadáa. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò nílò èébú, ìbéèrè mìíràn ni kí a fi dá wọn lóhùn: "Kí ni ìwọ ti rí? Kí ni o ti gbìyànjú?" Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àwọn mìíràn ní awo ni iṣẹ́, pé ojú ni baba wọn fi jí i kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró. Ìpele-ìpele ni àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà: ọ̀gá ni ó ń lé ọnà, ọmọ a bẹ̀rẹ̀ láti ibi dídán, níbi tí àṣìṣe kò ti ní ba gbogbo igi jẹ́, ọ̀gá sì ń fi ọwọ́ tọ́ ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi tó fínfín í ṣe. Ọ̀gbẹ̀rì ni wọ́n ń fi awo pamọ́ fún, wọn kì í fi í pamọ́ fún ẹni tí ó ti wọ inú ìsọ̀. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo kò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo a tẹ́.

Àwọn ará Japan tí ayé ń yìn nídìí ẹ̀rọ kò fojú ẹ̀gàn wo ìbéèrè. Nígbà ayé Taiichi Ohno, àgbà ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ Toyota, a máa kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí wọ́n béèrè "kí ló fà á?" lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì bí ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e. Okùn kan sì wà lórí ìlà iṣẹ́ wọn nígbà náà tí òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àléébù lè fà, kí wọ́n lè dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹni tí ó kéré jù níbi iṣẹ́ bá lè dá gbogbo rẹ̀ dúró nítorí ohun tí ó rú u lójú, kí ni ó dé tí ọmọ Ìlárò kò fi lè la ẹnu ní Ọ̀tà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí bọ́tìnnì yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń bẹ ní àgbègbè yìí, láti Ṣáínà ni wọ́n ti wá, èdè Ṣáínà ni wọ́n sì kọ sí wọn lára. Ọ̀gá tí ń rẹ́rìn-ín kò lè kà á. Ẹnìkan ni ó sọ iṣẹ́ bọ́tìnnì náà fún un, ní ọjọ́ tí òun náà ṣì jẹ́ àlejò nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọmọ mẹ́ta, ní ọdún mẹ́ta, bá ti béèrè ohun kan náà níwájú ẹ̀rọ kan náà, ẹ̀rọ ni ó ní àléébù, kì í ṣe àwọn ọmọ. Bébà kékeré kan, gọ́ọ̀mù díẹ̀, àti ọ̀rọ̀ méjì ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, tí a lẹ̀ mọ́ òkè bọ́tìnnì náà: owó búrẹ́dì àti àkàrà tí wọ́n rán ọmọ náà lọ rà ju owó ìwọ̀nyí lọ.